Aṣọ Funfun Tí Mo Tú Lórí Sylvanus

Ogun ti parí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí gbogbo ọmọ ìsinsìnyí tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ló máa ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé ogun ló pa wọ́n ni?" Ogun kọ́, jàre! Oṣù kẹsàn-án ọdún 1970 ni mò ń wí. Ìbọn ti dákẹ́ láti oṣù kìíní. Àwọn tó sá lọ ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, wọ́n ti ń tún afárá tí ogun wó ṣe. Àwa ṣọ́jà tí wọ́n fi sí Elegbeka, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ifọn, kò sí ohun tí à ń ṣe ju pé ká dá lọ́rì dúró, ká yẹ abẹ́ ẹrù iṣu wò, ká ní kí wọ́n máa lọ.

Sájẹ́ǹtì Dominic ni wọ́n ń pè mí nígbà náà. Ará Uso ni mí. Mo ti jà ní ojú ogun gidi, ọta ìbọn ṣì wà ní itan mi òsì títí dòní, nítorí náà nígbà tí Olórí Ìjọba bọ́ sórí rédíò tó ní kò sí ẹni tó borí, kò sí ẹni tí wọ́n borí, omi bọ́ lójú mi. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ní ẹni tó bá ti gbé ìbọn sílẹ̀, kó máa lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó tún ní ìjọba ò ní fún ẹnikẹ́ni ní mẹ́dàlì nítorí ogun yìí, torí ọmọ ìyá ló bá ọmọ ìyá jà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò tíì yí ọkàn mi padà lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú Kápútéènì Akínjídé kò dùn sí i rárá. Òun ni ọ̀gá wa ní Elegbeka. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó ga, ó mọ̀wé, ó sì lè bá ọba jẹun kó má sọ èérún kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Zipporah ìyàwó mi ni, ìyá kan náà ló bí wọn. Ilé ẹrù ni wọ́n fi í sí ní gbogbo ìgbà tí ogun fi le: bàtà, kúbúsù, ẹran inú agolo. Ogun bẹ̀rẹ̀, ogun parí, kò gbọ́ ìró ọta kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di Méjọ̀, òun ṣì wà lójú kan. Ó máa ń sọ pé, "Dominic, àlàáfíà yìí ti wá kó mi mọ́lẹ̀." Èmi á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ló ń ṣe.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn máàsì, ó wa jíìpù wá sí ilé mi ní Uso. Ìgógo ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tí kò bá mọ Ìgógo, ọdún Ọrọnsẹn ni, olorì àtijọ́ tí gbogbo Ọ̀wọ̀ fi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ń bọlá fún. Ìlù kì í dún nílùú láwọn ọjọ́ yẹn, agogo nìkan ni. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, ẹnikẹ́ni kì í yìnbọn. A kì í fi ṣeré. Kápútéènì ti bọ́ bẹ́rẹ̀ẹ̀tì rẹ̀ sínú jíìpù kó tó sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ Uso kọ́ ni Ọ̀wọ̀. Mo wò ó, mo ní nínú ọkàn mi pé ojúlówó ọmọ Ọ̀wọ̀ nìyí.

Zipporah gbé iyán síwájú wa. Kápútéènì bu òkèlè kìíní, ó ní, "Mo gbọ́ pé Sylvanus wà láyè."

Mo gbé òkèlè ọwọ́ mi sílẹ̀.

Bárékè kan náà ni èmi àti Sylvanus wà ní Ìbàdàn kí ogun tó dé. Ọmọ Ìgbò ni, nọ́ọ̀sì àwọn ológun, ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ará Ìbàdàn míì lọ. Òun ni bàbá ìsàmì Jemimah àkọ́bí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni fádà gbé ọmọ náà lé. Inú abọ́ Zipporah ló ti ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ìlú dàrú, ó sá lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀, ó bọ́ sí ìhà ọ̀hún, èmi wà ní ìhà ìhín. Mo ti san owó máàsì òkú fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Ta ni sà nínú ilé? Àna rẹ ni mí. Òun àti àwọn mẹ́fà ló wà nínú igbó Okeluse. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun tiwọn ti sá kúrò ní Bìní ni wọ́n ti há síbẹ̀. Wọn ò gbà pé ogun ti parí lóòótọ́."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ mú wọn ni?"

"Mú wọn kẹ̀? Olórí Ìjọba ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, ìwọ ń sọ mú wọn! Lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́. Kí wọ́n kó gbogbo ìbọn wọn dání, torí ẹni tó bá fi ìbọn pamọ́ kò sí nínú àforíjì."

Mo bèèrè ìwé àṣẹ. Ó ní ìwé kí ni? Bí òun bá kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀gá ní Ìbàdàn á rán ẹlòmíì, ẹni tí kò mọ Sylvanus rí. Ó ní òun ti fún mi ní ọjọ́ márùn-ún, kí n lọ ṣe ọdún. Ó wá nu ọwọ́, ó ní, "Ọ̀rọ̀ aṣọ funfun kù."

Gbogbo ayé ló mọ̀ nípa aṣọ funfun. Ó wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú dà sílẹ̀ nínú igbó: ẹni tó bá fẹ́ túúbá, kó so aṣọ funfun mọ́rí, kó dojú ìbọn kọlẹ̀.

"Tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ Elegbeka," Kápútéènì ní, "kí wọ́n tú u. Ìgógo la wà. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bọ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo sì máa kó wọn wọ̀lú. Wọn ò gbọdọ̀ wí pé èmi ọmọ Ọ̀ghọ̀, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, ni mo kó àwọn tó wé nǹkan mọ́rí wọ ìlú lásìkò Ìgógo."

Zipporah ń gbé omi bọ̀. Ó dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹni tó ń túúbá náà? Kí ni Ìgógo fẹ́ fi orí àlejò ṣe?"

"Orí ni gbogbo wọn, Zippo."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Inú mi dùn pé ọ̀gá mi lè máa ronú ọ̀rọ̀ ìjọba kó má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀.

Mo wọ lọ́rì dé Ifọn, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọjọ́ kan àbọ̀ ni. Oko gbágùúdá, oko kòkó, lẹ́yìn ìyẹn igbó tí oòrùn kì í kan ilẹ̀ rẹ̀. Ní Okeluse, wọ́n ní tí mo bá ń wá àwọn èèyàn kan, kí n lọ bá Àbẹ̀ẹ́bí. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ọ̀wọ̀, ó ń ra obì níbẹ̀ kó sí àpò. Obìnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣọ́jà ni ọ́," ó ní. "O lè wọ dàńṣíkí títí ayé, ìrìn rẹ ti tú ọ fó."

"Ṣọ́jà ni mí, ìyá. Àlàáfíà ni mo bá wá."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà nínú igbó yẹn, ọ̀kan nínú wọn ló gbẹ̀bí Muslimat ọmọ mi nígbà tí kò sẹ́ni tó lè gbé e dé Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọ̀hún ti ń sáré kiri báyìí. Tí o bá wá pa wọ́n, èmi ni kí o kọ́kọ́ pa."

Mo dárúkọ Jemimah fún un. Mo ní kó lọ sọ orúkọ yẹn fún Sylvanus. Kò pẹ́ tó padà dé, ó mú mi lọ.

Áà, Sylvanus! Ó ti rù hangogo, irùngbọ̀n bo ojú. Ó dì mọ́ mi, kò jẹ́ kí n mí. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé ọmọ mi ti ń lọ iléèwé?" Mo ní ó ti wà ní kíláàsì kìíní. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Àwọn méje jókòó yí mi ká, a sì gbìmọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lókè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò gbà. Ó ní àrékérekè ni, pé kò sí ìjọba tó borí ọ̀tá tó ní kí ó máa lọ sílé. Òmíràn ní kí wọ́n ri ìbọn mọ́lẹ̀, kí wọ́n yọ́ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ti àforíjì fún wọn, pé ìbọn tí wọ́n bá rì ló máa kó wọn sí wàhálà. Mo sọ ti àwọn Ìgbò tó ti padà sí ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n ń jókòó sórí àga tí wọ́n fi sílẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba bí mo ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú ohùn rẹ̀.

Sylvanus gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Dominic, mi ò mọ Olórí Ìjọba. Òun náà ò mọ̀ mí. Ìwọ ni mo mọ̀. Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Máa bọ̀."

"Búra."

Mo mú ìbọn tirẹ̀, mo fi ẹnu kan ẹnu rẹ̀. Mo ní, bí mo bá mọ ohun búburú kan nípa ìrìn yìí tí mo fi pamọ́, kí irin yìí jẹ mí, kí n má fojú rí ọmọ ọmọ mi. Lójú gbogbo wọn ni. N kò purọ́. Mo sì ti rí ọmọ ọmọ mi, wọ́n pé mọ́kànlá, ẹ wá sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún mi.

Àbẹ̀ẹ́bí fa ìborùn funfun tó fi ń kírun ya sọ́nà méje. Nígbà tí mo wí pé wọ́n máa tú u tí a bá dé ìtòsí Elegbeka, Sylvanus wò mí lójú. Àbẹ̀ẹ́bí ló gbà á lẹ́nu mi: "Òótọ́ ló sọ. Ìgógo ni. Kò sẹ́ni tó ń daṣọ borí lọ sí Ọ̀wọ̀ báyìí." Ọmọ Ọ̀wọ̀ méjì ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

A rin ọjọ́ méjì. Ní gbogbo ọ̀nà, àwọn àgbẹ̀ rí aṣọ funfun, wọ́n ń juwọ́. Ẹnì kan fún wa ní àgbàdo sísun. Ẹni tó dàgbà jù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ọ̀sán gangan la dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ kó tó kan Elegbeka. Mo ní ká dúró níbẹ̀, kí wọ́n tú aṣọ orí wọn. Ìbọn méjì ló wà lọ́wọ́ Sylvanus, tirẹ̀ àti ti ẹnì kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, ó dojú àwọn méjèèjì kọlẹ̀. Kò lè gbé ọwọ́ sókè. Èmi ni mo tú u fún un. Kókó náà le, mo fi eyín já a.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti ọdún yín," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé mi, kí n lọ sọ fún Kápútéènì pé a ti dé. Mi ò tíì rìn tó ìṣísẹ̀ igba tí ìbọn fi bú láti inú igbó lápá ọ̀tún. Ìṣẹ́jú kan ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú gọ́tà, mò ń pariwo pé, "Ẹ má yìn! Ẹ má yìn! Tiwa ni wọ́n!" Nígbà tó dákẹ́, mẹ́ta ti kú, tó fi mọ́ èyí tó ń kọrin. Ọta ti gba èjìká Sylvanus kọjá. Kò sẹ́ni tó yìnbọn padà nínú wọn.

Mo rọ́ mọ́ Christopher, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ mi. Mo gbá a lọ́rùn mú. "Kí ló kọlù yín?"

Ó ní, "Sájẹ́ǹtì, wọ́n ní ká má yìnbọn fún ẹnikẹ́ni tó bá so funfun. Wọ́n ní àwọn adigunjalè ń bọ̀ láti Ifọn. Àwọn wọ̀nyí gbé ìbọn, wọn ò so nǹkan kan."

Ìgbà yẹn ni Kápútéènì jáde láti inú igbó. Bẹ́rẹ̀ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe yẹ. Mo pariwo, "Ẹ̀gbọ́n! Ìgógo! Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tú u!"

Ó sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ ò ga rárá. Ó ní, "Elegbeka kọ́ ni Ọ̀wọ̀, Dominic."

Òótọ́ ni. Kò sí Ìgógo ní Elegbeka. Àwọn obìnrin tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ wé gèlè, mo ti ń rí wọn lójoojúmọ́. Ará Uso bíi tèmi, tó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn ní ọmọ Ọ̀wọ̀ ju ọmọ Ọ̀wọ̀ lọ, òun ló máa bọ́ sínú irú pàkúté yẹn. Orí mi ò bá mi ṣe é.

Ìròyìn tí Kápútéènì kọ ránṣẹ́ ni pé òun bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó kù sínú igbó, tí wọ́n ti sọ ara wọn di adigunjalè, jà, òun pa mẹ́ta, òun mú mẹ́rin láàyè. Ó ní wọ́n jí àna òun gbé níbi tó ti ń ṣe ọdún, wọ́n ń fi ìbọn tì í ṣáájú kó lè fọ̀nà hàn wọ́n. Ó rò ó dáadáa. Èmi ò jẹ̀bi, òun di akọni, àwọn mẹ́rin yẹn nìkan ló máa kú, torí òfin adigunjalè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yẹn. Òpó ni wọ́n ń so wọ́n mọ́ kí wọ́n tó yìnbọn fún wọn.

Ṣùgbọ́n Olórí Ìjọba ti rán àwọn ọ̀gá kan káàkiri láti rí i pé ẹnikẹ́ni ò gbẹ̀san lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan dé Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kẹwàá. Méjọ̀ ni, ará Òkè-Ọya, ó ń fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó jókòó sí kíláàsì kan ní iléèwé, wọ́n mú Sylvanus wọlé, apá rẹ̀ wà nínú bándéèjì. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Méjọ̀ bi Sylvanus pé, "Ta ló ní kí o tú aṣọ orí rẹ?"

"Dominic ni, sà."

"Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu Kápútéènì?"

"Mi ò rí Kápútéènì rí, sà, àfi lọ́jọ́ tó yìnbọn fún wa."

Kápútéènì dìde. Ó ní òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ lọ sí Okeluse. Ó ní bàbá ìsàmì ọmọ mi ni ọkùnrin yìí, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí, kí wọ́n má bínú sí mi. Ó ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́! 

Méjọ̀ ní, "Ta ló tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn?"

Mo ní, "Ìyàwó mi, sà. Òun gan-an ló bi í léèrè ọ̀rọ̀ Ìgógo."

Wọ́n lọ mú Zipporah wá láti ọ́fíìsì káńsù tó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ọ̀wọ̀, kì í purọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Ìyá òun àti Kápútéènì ti wá sílé wa lọ́jọ́ tó ṣáájú, òun àti Zipporah ti ìlẹ̀kùn mọ́ra wọn fún wákàtí méjì, mi ò tilẹ̀ fi ṣe nǹkan kan.

Méjọ̀ fún un ní àga. Ó ní, "Ìyá, ìyàwó ẹni yìí ni yín, àbúrò ẹnì kejì. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà. Bó bá jẹ́ pé Kápútéènì ló ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba dé orí wọn nìyẹn. Màá fọwọ́ sí i nísinsìnyí, wọ́n á dé ilé wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún ọkọ yín?"

Zipporah ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò wò mí. Sylvanus ló ń wò ó, ojú rẹ̀ sì ti mọ́lẹ̀, bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀.

"Mo wà ní ilé ìdáná, sà," ó ní. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo ní, "Zipporah!" Mo dìde, àga ṣubú. Mo ní irọ́ ni, mo ní irọ́ ni, mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Méjọ̀ rọra ní kí wọ́n mú sájẹ́ǹtì jáde, pé ohun tí ojú rẹ̀ rí ṣì wà lára rẹ̀. Ó fa bírò yọ, ó kọ ohun tó kọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

 Bí Sylvanus ṣe ń kọjá níwájú Zipporah, ó kí i. "Ẹ kú ilé, ìyá Jemimah." Wọ́n yìnbọn fún òun àti àwọn mẹ́ta yòókù ṣáájú Kérésì. Nínú oṣù kan náà ni Akínjídé di Méjọ̀.

Ọjọ́ kíláàsì yẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ọ̀wọ̀ padà sí Uso. Mo ti pinnu ohun tí mo máa ṣe fún Zipporah, mo pinnu rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún kí n tó délé. Ó ti ṣáájú mi dé. Ó ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó ń dúró.

Ó ní, "Bàbá Jemimah, tí mo bá ní mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa so mọ́ òpó yẹn. Ní báyìí, òun wà nílé. Ẹ̀yin náà wà nílé."

Mo ní, "Sylvanus ńkọ́?"

Ó ṣí abọ́. Ó ní kí n jẹun kó tó tutù.

Mo fọ ọwọ́ mi. Mo jókòó. Mo jẹ ẹ́ tán.